Ìbò àti Ìbéèrè: Ẹ̀tọ́ Olùdìbò láti Bi Olórí Ẹgbẹ́ Òṣèlú Léèrè

Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí ni iṣẹ́ kan tí ó jẹ́ ti olùdìbò fúnra rẹ̀: kí ó dìde níwájú olórí ẹgbẹ́ òṣèlú nígbà tí ọjọ́ ìdìbò kò tíì pé, kí ó bi í léèrè ọ̀rọ̀, kí ó sì dúró gbọ́ èsì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àfikún lásán ni èyí, pé títẹ ìka sí ìwé ìdìbò ni iṣẹ́ gan-an. Èrò tèmi ni pé ìbò tí kò ní ìbéèrè nínú kò tíì di odindi ìbò. Èdè wa pàápàá jẹ́rìí sí i.

1. Ìbò nínú èdè wa

Ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún ohun tí à ń ṣe ní ibùdó ìdìbò kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Kí àpótí ìdìbò tó dé ilẹ̀ wa ni àwọn babaláwo ti ń di ìbò. Ìbò ni àwọn nǹkan kéékèèké tí a fi ń wádìí ọ̀rọ̀ nídìí Ifá. Owó ẹyọ dúró fún bẹ́ẹ̀ ni, egungun dúró fún bẹ́ẹ̀ kọ́. Nígbà tí odù bá ti yọ, ẹni tí ó wá dá Ifá yóò di ìbò mú sínú ọwọ́ méjèèjì, a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Ṣé ire ni tàbí ibi? Bí ó bá jẹ́ ire, ire wo ni? Ṣé ire owó ni, tàbí ire ọmọ, tàbí ire àìkú? Ìbéèrè kan yóò máa bí òmíràn títí ọ̀rọ̀ náà yóò fi hàn kedere. Kò sí ọlọ́gbọ́n tí yóò gbọ́ pé ire ni, tí yóò sì dìde kí ó máa lọ sílé láì mọ irú ire tí ó jẹ́.

Ohun méjì ni ó wà nínú ìbò, nígbà náà: yíyàn àti bíbéèrè. Nígbà tí a gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò nídìí Ifá lọ sídìí òṣèlú, a mú yíyàn dání, ṣùgbọ́n a gbàgbé bíbéèrè sẹ́yìn.

2. Bíbéèrè nǹkan àti bíbi ènìyàn léèrè

Èdè Yorùbá tún kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Ènìyàn lè béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹnì kan, ó sì lè bi ẹni náà léèrè ọ̀rọ̀. Gbòǹgbò kan náà ni, ṣùgbọ́n ìdúró ẹni tí ń béèrè kò rí bákan náà. Ẹni tí ń béèrè nǹkan tẹ́ ọwọ́ sílẹ̀, ó ń retí oore. Ẹni tí ń bi ènìyàn léèrè ń wádìí, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ tí a sọ fún un ní ìdí.

Ẹ wo bí ìpàdé ìpolongo ìbò ti ń rí ní ọ̀pọ̀ ìlú wa. Olórí ẹgbẹ́ dé, ìlù ń dún, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọ aṣọ kan náà, akéwì ń ki olórí mẹ́sàn-án mẹ́wàá. Nígbà tí ó bá kan aráàlú láti sọ̀rọ̀, àgbà kan yóò gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, yóò kí àlejò káàbọ̀, yóò dúpẹ́, yóò sì ka ohun tí ìlú ń fẹ́: ọ̀nà, omi ẹ̀rọ, iná mànàmáná, ilé ìwòsàn. Olórí yóò dáhùn pé ìlú ti rí gbogbo rẹ̀ gbà. Ìlù yóò tún sọ. Kò sí ẹni tí ó béèrè iye tí ọ̀nà náà yóò gbà, tàbí ibi tí owó rẹ̀ yóò ti wá, tàbí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìlérí tí a ṣe lórí ọ̀nà kan náà ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ìlú náà ti béèrè nǹkan púpọ̀, ṣùgbọ́n kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ohunkóhun.

3. Ohun tí ìtàn ìdìbò wa fi hàn

Kì í ṣe pé àwọn olùdìbò wa kò ní ìbéèrè nínú. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, lábẹ́ ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, ń múra láti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó bu owó-orí lé aráàlú lórí nítorí ètò náà. Ní ìdìbò àpapọ̀ ti ọdún 1954, NCNC ni ó borí Ọlọ́pẹ ní Ìwọ̀-Oòrùn, ìbínú lórí owó-orí yìí sì wà lára ohun tí ó fà á. Ìjọba kò tìtorí èyí padà lẹ́yìn ètò náà, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1955. Bí mo ti rí i sí, ìbéèrè ni àwọn olùdìbò náà fi ìbò wọn bi ìjọba: ta ni yóò san owó rẹ̀? Ìbéèrè rere ni. Ṣùgbọ́n ìwé ìdìbò kì í sọ̀rọ̀. Kò lè sọ bóyá ẹ̀kọ́ ni ènìyàn kọ̀ tàbí owó-orí, kò sì lè gbọ́ èsì.

Ní ọdún 1959, Olóyè Awólọ́wọ̀ lo hẹlikópítà fún ìpolongo ìbò àpapọ̀, ó sì dé àwọn ibi tí mọ́tò kò lè tètè dé. Ní ọdún yẹn kan náà, ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, nígbà tí ìdìbò ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ̀rọ méjèèjì gbé ohùn àti ojú olórí lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó gbé ohùn aráàlú padà sọ́dọ̀ olórí. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rọ ìsọ̀rọ̀ ti ń pọ̀ sí i, tí ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ kò sì pọ̀ tó o.

Ọdún 1979 fi nǹkan mìíràn hàn wá. Ẹgbẹ́ UPN gbé ohun mẹ́rin kalẹ̀: ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ìwòsàn ọ̀fẹ́, ìdàgbàsókè ìgbèríko, àti iṣẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ó fẹ́ràn wọn àti ẹni tí ó kórìíra wọn lè ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí ìka. Nítorí náà, nígbà tí ẹgbẹ́ náà gba ìjọba ní ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Oǹdó àti Bendel, aráàlú mọ ohun tí wọn yóò fi wọ̀n ọ́n. Ìlérí tí ó ṣe pàtó ni a lè bi ènìyàn léèrè lé lórí. Ẹni tí ó bá sọ pé ayé yóò dára ti sá fún ìbéèrè kí a tó bi í.

4. Àpẹẹrẹ kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ jẹ́ kí n yà sí ilẹ̀ òkèèrè díẹ̀, nítorí àpẹẹrẹ kan wà níbẹ̀ tí ó fi hàn kedere ohun tí mo ń pè ní ìbéèrè. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kárùn-ún ọdún 1982, nígbà ogun erékùṣù Falkland, ọkọ̀ abẹ́ omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ri ọkọ̀ ogun Ajẹntínà kan tí ń jẹ́ General Belgrano. Ènìyàn 323 ni ó kú. Ní ọdún kejì, bí ìdìbò ti ń bọ̀, olórí ìjọba, Margaret Thatcher, jókòó nínú ètò tẹlifíṣọ̀n BBC kan, ní ọjọ́ 24 oṣù Kárùn-ún, kí àwọn olùdìbò lè bi í léèrè ọ̀rọ̀. Olùkọ́ obìnrin kan láti ìlú Cirencester, Diana Gould, bi í léèrè ìdí tí ó fi pàṣẹ kí a ri ọkọ̀ náà nígbà tí ó wà lẹ́yìn ààlà òkun tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ti pa, tí ó sì ń lọ kúrò lẹ́bàá erékùṣù náà.

Thatcher dáhùn pé ọkọ̀ náà kò lọ kúrò, pé ewu ni ó jẹ́ fún àwọn ọkọ̀ wọn. Ibí yìí ni ìbéèrè púpọ̀ ti í kú. Ti obìnrin yìí kò kú. Ó sọ ìhà tí ọkọ̀ náà kọjú sí, ó sọ ibi tí ó wà, ó sì tún ìbéèrè rẹ̀ bi. Nígbà tí èsì kejì kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó bi í ní ẹ̀ẹ̀kẹta. Kò bú ẹnikẹ́ni, kò pariwo. Ohun tí ó mọ̀ ni ó dì mú.

Ẹnì kan lè sọ pé kí ni ó ti ibẹ̀ yọ, ṣebí ẹgbẹ́ Thatcher ni ó borí ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹfà, pẹ̀lú ìjókòó 397 nínú 650? Òótọ́ ni. Ìbéèrè kì í ṣe ọfà tí a fi ń pa olórí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà kò sùn mọ́. Ní ọdún 1984, òṣìṣẹ́ ìjọba kan, Clive Ponting, fi ìwé ìjọba lórí rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kan. Wọ́n gbé e lọ sí kóòtù, àwọn adájọ́ ìgbìmọ̀ aráàlú sì dá a láre ní ọdún 1985. Olùdìbò kan ti mú kí ó ṣòro fún ìjọba láti sọ pé kò sí ẹni tí ó béèrè.

5. Nílé wa lẹ́nu ọdún wọ̀nyí

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1993, Olóyè M.K.O. Abíọ́lá àti Alhaji Bashir Tofa kojú ara wọn lórí tẹlifíṣọ̀n kí ìdìbò ọjọ́ 12 tó dé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbàgbé rẹ̀ títí di òní. Lẹ́yìn náà, sísá fún àga ìbéèrè wá di àṣà tí kò mọ ẹgbẹ́ kan yàtọ̀ sí òmíràn. Ní 2011, Ààrẹ Jonathan kò wá bá àwọn olùdíje yòókù lórí tẹlifíṣọ̀n NN24. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni òun nìkan wá sọ̀rọ̀ lórí NTA. Ní 2015, Ọ̀gágun Buhari kò wá. Ní oṣù Kìíní ọdún 2019, Ààrẹ Buhari kò tún wá, Alhaji Atiku Abubakar sì dé ibẹ̀, ó gbọ́ pé ẹnì kejì kò sí níbẹ̀, ó sì padà. Òfin Ìdìbò ti ọdún 2022 pàápàá kò fi dandan lé e kí olùdíje jókòó gbọ́ ìbéèrè.

Nígbà tí ìdìbò 2023 ń bọ̀, àwọn olùdíje lọ sí Arewa House ní Kàdúná ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022 láti dáhùn ọ̀rọ̀ níwájú àwọn àgbà ìhà Àríwá. Èyí dára. Ṣùgbọ́n mẹ́ta nínú àwọn olùdíje lọ sí Chatham House ní Lọ́ńdọ̀nù. Aṣíwájú Bọ́lá Tinúbú lọ ní ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá ọdún 2022. Nígbà tí àwọn tí ó wà níjókòó bi í léèrè ọ̀rọ̀, ó pín ìbéèrè wọn fún àwọn tí ó bá a rìn kí wọ́n dáhùn. Ó ṣàlàyé pé òun ń fi hàn pé iṣẹ́ àjọṣe ni ìjọba. Ọ̀gbẹ́ni Peter Obi àti Alhaji Rabiu Kwankwaso lọ ní oṣù Kìíní ọdún 2023. N kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ìrìn àjò. Ohun tí ó yẹ kí ó dùn wá ni pé ẹni tí yóò ṣe ìjọba lé àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn àti oníṣòwò Oǹdó lórí kà á sí ohun ẹ̀yẹ láti gba ìbéèrè ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí ó ń gba orin àti ìlù ní Ìsẹ́yìn àti Oǹdó.

6. Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀

Àwọn kan yóò sọ pé àṣà wa ni kò gbà á, pé ọmọ kì í gbó àgbà lẹ́nu. Mo gbà pé ọ̀wọ̀ ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, Aláàfin, tí a ń pè ní aláṣẹ èkejì òrìṣà, kò ga ju ìbéèrè Baṣọ̀run àti àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì yòókù lọ. Àwọn baba wa kò rí ìbéèrè bí àrífín. Wọ́n wí pé abèèrè kì í ṣìnà. Èdè wa sì kún fún ọ̀nà tí a lè gbà bi àgbà léèrè láìtàbùkù rẹ̀. Ọmọdé lè kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀, kí ó wí pé, “Ẹ dákun, bàbá, ẹ má bínú, kò yé mi tó ni”, kí ó sì béèrè ohun tí ó le jù lọ. Ìkúnlẹ̀ náà kò sọ ìbéèrè di ẹ̀bẹ̀.

7. Ìbéèrè tí ó yẹ ìbò

Kí ni ó yẹ kí a ṣe? Àkọ́kọ́, kí ìbéèrè wa dá lórí ohun tí a mọ̀. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ṣí ní ọdún 1978. Àtúnṣe rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2013, ó sì la ìdìbò 2015 àti 2019 kọjá láìparí. Ẹni tí ó bá ń ná ojú ọ̀nà yẹn kò nílò ìwé ńlá kí ó tó lè béèrè iye tí a ti ná àti iye tí ó kù. Èkejì, kí a béèrè èsì tí a lè dì mú: iye owó, ọjọ́, àti ibi tí owó yóò ti wá. Ẹ̀kẹta, kí a béèrè ní èdè tí ìlú gbọ́. Bí gbogbo ìfọ̀rọ̀wérọ̀ bá jẹ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, a ti ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọ̀pọ̀ olùdìbò síta kí ìjókòó tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ rédíò tí ń fi Yorùbá sọ̀rọ̀ ní agbára níhìn-ín ju bí wọ́n ti rò lọ. Ẹ̀kẹrin, èyí tí ó ṣe pàtàkì jù, kí a fún olùbéèrè ní ààyè ìbéèrè kejì. Ẹni tí ó bá darí ìpàdé tí ó sì gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ aráàlú lẹ́yìn ìbéèrè kan ṣoṣo ti gbèjà olórí. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni olórí ti múra sílẹ̀ fún nílé. Ìbéèrè kejì ni yóò fi hàn bóyá ó mọ ohun tí ó ń sọ.

Iṣẹ́ àwa tí a wà ní yunifásítì náà wà níbẹ̀. A lè kó ìlérí àwọn ẹgbẹ́ jọ láti ìdìbò dé ìdìbò, kí a sì kọ ọ́ ní Yorùbá tí ó yé ènìyàn, kí aráàlú má baà lọ sí ìpàdé lọ́wọ́ òfo. Bí a bá ṣe èyí, àgbà tí yóò gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní ìpàdé tí ń bọ̀ yóò lè dúpẹ́ lọ́wọ́ àlejò, kí ó sì wí pé: “Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ohun tí ẹgbẹ́ yín sọ níhìn-ín nìyí. Kí ni ó dé tí kò ṣẹ?” Kí ó sì dúró.

Ó kù sí ọwọ́ yín báyìí láti bi èmi náà léèrè.