Ọjọ́ tí wọ́n sin Buhari, a ti ṣọ́ọ̀bù

Mo ti ń gbọ́ àríyànjiyàn tí a ń fà níbí, pé ṣé dandan ni kí àwa náà ti ṣọ́ọ̀bù tí ìjọba bá ń ṣẹ̀yẹ fún olórí tó ti kú. Ohun tí ojú tèmi rí ní Katsina ni mo fẹ́ sọ.

Ọjọ́ Àìkú, 13 oṣù keje 2025, ni Buhari kú ní London. Ìjọba àpapọ̀ ní kí wọ́n fa àsíá wálẹ̀ dé ìdajì òpó fún ọjọ́ méje. Wọ́n kéde ìsinmi fún gbogbo Nàìjíríà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, 15. Tinubu fúnra rẹ̀ wá pàdé òkú ní Katsina, àwọn ṣọ́jà gbé pósí tí wọ́n fi àsíá bò, wọ́n sì sin ín sí Daura.

Ká sòótọ́, inú bí mi. Mo ní àjọ láti dá lọ́jọ́rú, ọjà ò sì sí. Ibi tí mo ti ń ro ìyẹn ni mo rí i pé ọmọ tó ń bá mi tajà ti gbé fídíò yẹ̀yẹ́ nípa olóògbé sórí status rẹ̀. Alhaji tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kan tèmi ti rí i. Mo kí i, kò dáhùn.

Mo ní kí ọmọ yẹn yọ ọ́ kúrò lójú ẹsẹ̀. Àwa méjèèjì lọ bá Alhaji nílé, a dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Allah ya jikansa." Ó wò mí títí. Ó ní, "Bàbá Ṣeun, nígbà tí Buhari fún Abiola yín ní GCFR lọ́dún 2018, tó sọ June 12 di ọjọ́ ìjọba tiwantiwa, ṣé a fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ ni?" Mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Ẹ gbọ́ o, èmi náà ní tèmi tí mo lè sọ lórí bọ́dà tí ìjọba rẹ̀ tì lọ́dún 2019. Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ọ̀fọ̀ kọ́ là ń ka ẹ̀ṣẹ̀ sílẹ̀, pàápàá níwájú ẹni tí òkú jẹ́ tirẹ̀. Wọ́n bá kéde, ẹ tì í. Ẹ kìlọ̀ fáwọn ọmọ yín.

Àjọ yẹn ńkọ́? Mo dá a lọ́jọ́ Ẹtì. Alhaji ló yá mi lówó kún un.

Ire o.