Àfiwé Ló Ń Bí Ìkànnì Ìkọ̀wé Ọlọ́pọ̀ Èrò

Ẹ mọ ìkànnì tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń para pọ̀ kọ̀wé, n kò ní fi ìtumọ̀ rẹ̀ gba àkókò yín. Ohun tí mo wá sọ ni pé àfiwé ló ń bí irú ìkànnì bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo ojú ohun tó fi ṣe àwòkọ́ṣe, tí kò wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ìkànnì rẹ̀ kò ní lọ síbì kankan. Nupedia ni ẹ̀rí mi. Lọ́dún 2000, Jimmy Wales àti Larry Sanger fẹ́ gbé ìwé ìmọ̀ gbogboogbò sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ojú ìwé ìmọ̀ àtijọ́ ni wọ́n wò: onímọ̀ ni kó kọ ọ́, kó sì gba ipele àyẹ̀wò méje kọjá. Títí Nupedia fi kógbá sílé ní 2003, àpilẹ̀kọ tó yege níbẹ̀ kò tó 30. Wikipedia tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní January 2001 lo wiki, ìkànnì tí ẹnikẹ́ni lè ṣàtúnṣe sí, irú èyí tí Ward Cunningham gbé jáde ní 1995. Kí 2001 tó parí, àpilẹ̀kọ ibẹ̀ ti lé ní 15,000.

Àwọn kan ṣì ń takú pé ohun tí èrò bá kọ kò ṣeé gbára lé. Ṣé wọn kò gbọ́ ìtàn ìwé atúmọ̀ èdè Oxford English Dictionary ni? Ní 1879, James Murray, olóòtú rẹ̀, ké sí àwọn tó ń kàwé. Ẹni tó bá rí ọ̀rọ̀ nínú ìwé á kọ ọ́ sí igun òkè pépà pélébé kan, á kọ ọdún, orúkọ òǹkọ̀wé, àkọlé àti ojú ìwé, á wá da gbólóhùn náà kọ gẹ́lẹ́ bó ṣe wà. Kò sẹ́ni tó bi í pé ìwé mélòó ló kà. Murray àti àwọn amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń to pépà wọ̀nyí, tí wọ́n ń kọ ìtumọ̀. Apá àkọ́kọ́ jáde ní 1884. Murray kú ní 1915. Iṣẹ́ parí ní 1928. Ohun tó jẹ́ kó ṣeé gbára lé ni pé ohun tí wọ́n ní kí èrò ṣe kéré, ó sì ṣeé yẹ̀ wò: ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó lọ ṣí ìwé náà.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó ń pe Wikipedia ní ọ̀wẹ̀ kò wo ọ̀wẹ̀ dáadáa. Olóko ló ń be ọ̀wẹ̀, òun ló ń bọ́ àwọn tó wá, òun ló ni irè. Murray gan-an ló be ọ̀wẹ̀. Àáró ni wọ́n gbójú fò, ó sì dùn mí: oko mi lónìí, oko rẹ lọ́la, ẹni tó sì jẹ gbèsè iṣẹ́, ẹgbẹ́ mọ̀ ọ́n. Ẹ gbé ìyẹn fún àwọn tó ń kọ ìtàn Yorùbá. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n ka tirẹ̀, kó kọ́kọ́ ka ti ẹni mẹ́ta, kó tọ́ka sí àmì ohùn tó ṣì àti ibi tí ìtàn ti já.

Wọ́n á ní ọ̀lẹ á kàn kọ “ó dára” sílẹ̀, á bá tirẹ̀ lọ. Olóko kì í ka ebè tí kò rí mọ́ iṣẹ́; kí ẹni tó ni ìtàn fọwọ́ sí i kí gbèsè tó parẹ́.

Àkókò ti lọ. Ẹ fi èèyàn mẹ́wàá bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó mọra wọn ló ń dá ẹgbẹ́ àáró sílẹ̀, kì í ṣe gbogbo ìlú.