Ọmọ Ìyá Kan, Ibùgbé Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìrẹsì Ìgbẹ́ Ilẹ̀ Áfíríkà



Iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ tèmi. Orúkọ tí à ń pe nǹkan ni ó kàn mí. Ohun tí a kàn pè ní koríko, tí a sì kọjá lára rẹ̀, lè ní ìtàn nínú. Ẹ jẹ́ kí á yẹ ìrẹsì ìgbẹ́ méjì wò, Oryza barthii àti Oryza longistaminata. Ọmọ ìyá ni wọ́n, ṣùgbọ́n ìka kò dọ́gba.

Inú adágún kéékèèké tí ó ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni barthii ń gbé. Kí omi tó tán, ó ti so, ó ti gbọn hóró rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ti kú. Hóró ni yóò dúró de òjò. Àbàtà tí omi rẹ̀ ń pẹ́ ni ti longistaminata. Ẹ̀ka rẹ̀ tí ń rìn lábẹ́ ilẹ̀ ni ó fi ń hù lọ́dọọdún. Báyìí ni ibùgbé ṣe ń sọ ẹbí kan di ìdílé méjì.

Kí ni ó kàn wá níbẹ̀? Láti ara barthii ni àwọn àgbẹ̀ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ti mú ìrẹsì glaberrima jáde. Láti ara longistaminata tí a rí ní Mali ni àbùdá Xa21 ti wá, èyí tí ó ń dènà àrùn bakitéríà tí ń ba ewé ìrẹsì jẹ́; ní 1995 ni àwọn onímọ̀ kéde pé àwọn ti yọ ọ́ sọ́tọ̀.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá dí àbàtà nítorí pé koríko lásán ni ó wà níbẹ̀, ìdílé kan ni ó pa run. Ẹ jẹ́ kí á mọ orúkọ wọn kí á tó gbé àdá.