Tábìlì fún Ìbàràpá Méje

(Ìlù dún díẹ̀, kó rọlẹ̀.)

OLÓÒTÚ: 

Ká ní ẹ fẹ́ ṣe wẹ́bùsáìtì fún ìlú Ìbàràpá méjèèje, Drupal, ètò ìṣewẹ́bùsáìtì tí Dries Buytaert gbé jáde lọ́dún 2001 lẹ sì ń lò. Àpilẹ̀kọ àti àwòrán ti ní àyè tiwọn níbẹ̀. Bí módúlù tiyín, ìyẹn àfikún tẹ́ ẹ kọ fún Drupal, bá fẹ́ tọ́jú orúkọ ìlú, ìjọba ìbílẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù, ẹ̀yin lẹ máa la tábìlì rẹ̀.

Inú fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .install lẹ óò kọ ọ́ sí. Ẹ dárúkọ òpó kọ̀ọ̀kan, ẹ sọ irú ohun tó ń gbà àti bó ṣe lè gùn tó. Òpó ìdánimọ̀ ló ṣáájú: ìlà méjì kò gbọdọ̀ ní nọ́ńbà kan náà. Tápà ní ìlà tirẹ̀, Àríwá Ìbàràpá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èrúwà ní tirẹ̀, Ìlà-Oòrùn Ìbàràpá.

Ẹ má fi fóònù sí òpó oníṣirò, torí 0803 á di 803. Ní ti lẹ́tà, utf8mb4 ni kẹ́ ẹ lò nínú MySQL tó ń tọ́jú tábìlì náà. Bó bá jẹ́ latin1, Lánlátẹ̀ lè di Lánlát??.

Bẹ́ ẹ bá ti fi módúlù náà sórí wẹ́bùsáìtì, Drupal á ṣẹ̀dá tábìlì. Bẹ́ ẹ bá yọ ọ́ kúrò, tábìlì á bá a lọ tòun ti ẹrù inú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà pamọ́ o.

(Ìlù.)