Owó Ilé ní Ẹ̀gbẹ́dá: Ẹni Tó San Kì Í Ṣe Ọ̀daràn
Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa

A ò ní pẹ́ púpọ̀, torí a rí i pé oorun ń kun àwọn mìíràn.

Nígbà tí a bá jókòó pẹ̀lú àwọn ọ̀gá lórí owó oṣù, a máa ń ka owó oúnjẹ, a máa ń ka owó ọkọ̀. Owó ilé ló yẹ ká kọ́kọ́ kà. Gbogbo àfikún tí ẹgbẹ́ bá jà fún, ẹnu ọ̀nà onílé ló ń parí sí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní yàrá kan pẹ̀lú pálọ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá jẹ́ 300,000 náírà lọ́dún. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ilé lọ́wọ́ lè máa rẹ́rìn-ín pé níbo ni irú rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká lò ó. Onílé ní ọdún méjì lòun ń gbà: 600,000. Ajẹ́ńtì ní kí wọ́n fún òun ní 10 nínú 100: 60,000. Wọ́n tún ní owó àgírímẹ́ǹtì, 60,000 mìíràn, fún ìwé ojú kan ṣoṣo. Ó ti di 720,000 kí a tó kó ẹní wọlé. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Ẹni tó ń gba iye yẹn, bí kò jẹun, bí kò wọ ọkọ̀, bí ọmọ rẹ̀ kò lọ sílé ẹ̀kọ́, owó oṣù mẹ́wàá rẹ̀ kò ì tíì tó o.

Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa fi ń sún kúrò ní Ẹ̀gbẹ́dá lọ sí Àyọ̀bọ̀, láti Àyọ̀bọ̀ bọ́ sí ilẹ̀ Ògùn. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀ ní Ìkẹjà wá ń jí ní aago mẹ́ta. Ohun tó rò pé òun jèrè lórí owó ilé, dánfó ti gbà á. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ má bínú, ẹ̀yin náà ń san owó ilé.

Òfin wà o. Ìjọba Èkó ti ṣe òfin lórí owó ilé ní 1976, wọ́n tún ṣe òmíràn ní 1997. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òfin ilé gbígbé tí Gómìnà Babatunde Fashola buwọ́ lù ní 2011. Ó ní onílé tàbí ajẹ́ńtì kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ẹni tó ti ń gbé inú ilé tẹ́lẹ̀, bó bá ń san lóṣooṣù, wọn kò gbọdọ̀ béèrè ju oṣù mẹ́fà. Bó bá ń san lọ́dọọdún, ọdún kan. Wọ́n yọ Àpápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island kúrò nínú òfin náà. Wọn kò yọ Ẹ̀gbẹ́dá.

Kí ló wá dé tí ajẹ́ńtì fi ń béèrè ọdún méjì lọ́sàn-án gangan? Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbí. Abala kẹrin òfin náà sọ pé ẹni tó gba owó tó ju bó ti yẹ lọ àti ẹni tó san án, àwọn méjèèjì ló jẹ̀bi: ìtanràn 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Ẹ wo ọ̀rọ̀ ọ̀hún! Ọkùnrin tí wọ́n ti fún ní ìwé kúìtì, tí ìyàwó rẹ̀ wà nínú oyún, tó yá owó lọ́wọ́ alájẹṣẹ́kù kó lè rí ibi forí pamọ́ sí, òun àti ẹni tó fìyà jẹ ẹ́ ni òfin fẹ́ kó pọ̀. Ta ni yóò lọ fẹjọ́ sùn? Ẹni tí wọ́n jà lólè kò ní lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá bó bá mọ̀ pé wọn yóò ti òun náà mọ́lé. Lójú tiwa, ibẹ̀ gan-an ni òfin náà ti rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀.

Ní 2025, wọ́n gbé àbá òfin tuntun lórí ilé gbígbé wá síwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó, tó fẹ́ kí owó ajẹ́ńtì má ju 5 nínú 100 lọ. Ó dára. Ṣùgbọ́n ohun tí a fẹ́ kí ẹ̀ka yìí kọ ránṣẹ́ sí àwọn aṣòfin tó ń ṣojú Alímọ̀ṣọ́ ni pé kí wọ́n mú ìyà kúrò lórí ẹni tó san. Ìkànìyàn 2006 ka ènìyàn tó lé ní 1,200,000 ní Alímọ̀ṣọ́, kò sí ìjọba ìbílẹ̀ tó pọ̀ tó o ní Èkó. Ibò wa ni wọ́n ń wá.

A ò bá gbogbo onílé jà. Àwọn kan nínú wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ bíi tiwa, tó fi owó ìfẹ̀yìntì kọ́ ilé ní yàrá kọ̀ọ̀kan, tó sì mọ iye tí sìmẹ́ǹtì ń jẹ́. Irú wọn, kí a san owó wọn lásìkò.

Òfin nìkan kò sì lè kọ́lé. Láàárín 1979 àti 1983, ìjọba Alhaji Lateef Jakande kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé olówó pọ́ọ́kú káàkiri Èkó. Ọ̀kan wà nítòsí wa níbí, Àbẹ́sàn ní Ìpájà. Ẹni tó bá ní kò ṣeé ṣe, kó wọ ọkọ̀ lọ wò ó. Òfin àpapọ̀ ti 1992 náà wà, èyí tí wọ́n fi ń yọ náírà méjì àtààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún lára owó oṣù lọ sí Federal Mortgage Bank, kí òṣìṣẹ́ lè yá owó kọ́lé. Kí wọ́n tó yáni, wọn a béèrè ìwé ilẹ̀ tó péye, bẹ́ẹ̀ risíìtì ẹbí nìkan ló wà lórí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ níhìn-ín. A ń sanwó sínú àpò tí ọwọ́ wa kò tó. Ẹnikẹ́ni tó bá rí i lórí ìwé owó oṣù rẹ̀ pé wọ́n ń yọ ọ́, kó béèrè àkọsílẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí àdéhùn tuntun bá tó sọ, a ó béèrè pé kí ilé iṣẹ́ máa yá òṣìṣẹ́ ní owó ilé ọdún kan, kí wọ́n máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Kí ó tó dìgbà náà, ẹ gba risíìtì fún gbogbo owó tí ẹ bá san. Òfin 2011 sọ ọ́ di dandan. Ẹni tó ń san lọ́dọọdún ní ẹ̀tọ́ sí ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà, ẹni tó ń san lóṣooṣù, oṣù kan, àyàfi bí àdéhùn bá sọ òmíràn. Onílé tó bá fi tipátipá lé ayálégbé jáde láìgba àṣẹ ilé ẹjọ́ ti ṣẹ̀ sófin. Citizens' Mediation Centre tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ ní 1999 ń parí irú ìjà bẹ́ẹ̀ láìgba owó. Ẹ má dá nìkan lọ. Ẹ wá pe ọ̀kan nínú àwa aṣojú yín.

Ìwé ńlá kan wà lórí tábìlì akọ̀wé. Kí ẹ tó jáde, ẹ kọ iye ọdún tí wọ́n gbà lọ́wọ́ yín síbẹ̀, àti iye tí ajẹ́ńtì gbà, ká lè fi í ránṣẹ́ sí àwọn aṣòfin. Ẹ má kọ orúkọ o, nítorí abala kẹrin yẹn.