Kí Ewì Tó Dé Ilé Ìtẹ̀wé
Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ẹgbẹ́ ní Sábó, Ọ̀yọ́

Ní ìpàdé tí ó kọjá ni ọ̀kan nínú wa ka ewì kan sí wa létí nípa ọkọ tí aya rẹ̀ kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ẹgbẹ́ sì bẹ̀ wá kí a yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn wa. Akéwì náà jókòó síhìn-ín. Ọ̀rẹ́ wa ni. A kò fẹ́ tàn án, bẹ́ẹ̀ ni a kò fẹ́ dójú tì í.

Ìbẹ̀rẹ̀ ewì náà dára púpọ̀. Ọkọ jí ní òwúrọ̀, ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, kò rí agbọ̀n tí aya rẹ̀ fi ń ru èlùbọ́ lọ sí Sábó. Kò sí igbe, kò sí èpè; agbọ̀n tí kò sí níbẹ̀ ti sọ gbogbo rẹ̀. Kí ó má fọwọ́ kan ibẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí ìparí ìlà kan yóò ṣe bá ìparí èkejì dọ́gba, bí a ti ń rí i nínú ewì àwọn Òyìnbó. Ó fi ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ parí ìlà mẹ́ta, ó rò pé wọ́n bá ara wọn mu nítorí pé lẹ́tà kan náà ni a fi kọ wọ́n. Etí wa kò gbà bẹ́ẹ̀: ohùn wọn yàtọ̀, ọkọ́ kò sì ní iṣẹ́ kankan nínú ìjà tọkọtaya, àyàfi bí ẹnìkan bá fẹ́ fi í na ẹnìkejì!

Ìyẹn kéré. Ohun tí ó wúwo jù ni pé ọkọ nìkan ni ó ń sọ̀rọ̀. Èébú pọ̀ lórí obìnrin náà, òun kò sì sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kí a rántí ẹkún ìyàwó tí àwọn ìyá wa sun ní Ọ̀yọ́, ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti ní Ìsẹ́yìn. Ní ọjọ́ náà, ọmọbìnrin ni ó ń sọ̀rọ̀, agbolé á sì dákẹ́ fún un: á dúpẹ́ lọ́wọ́ òbí, á sọ ẹ̀rù ilé tí ó ń lọ, á tọrọ ọmọ. Bí àṣà wa bá fún obìnrin ní ẹnu ní ọjọ́ tí ó ń wọ ilé ọkọ, kí ni ó dé tí akéwì yóò gba ẹnu náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó ń jáde?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré, nítorí àmì tí ó fi sí obìnrin náà lára pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ná ọjà ní Sábó yóò fi mọ ẹni tí ó ń bá wí. Níbi tí àwọn tí ń sun ìjálá bá péjọ sí, bí ọ̀kan bá ṣi oríkì sọ, ẹlòmíràn tí ó mọ̀ jù ú lọ á já lu ohùn rẹ̀, á sì tún un ṣe lójú gbogbo ènìyàn; ẹni tí a bá wí náà lè fèsì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéboyè Babalọlá sọ nípa àṣà yìí nínú ìwé rẹ̀ lórí ìjálá tí ó jáde ní ọdún 1966. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ewì wa ti bọ́ sínú ìwé; Dénrelé Ọbasá tẹ Ìwé Kìíní ti Àwọn Akéwì jáde ní Ìbàdàn ní ọdún 1927. Ta ni yóò já lu bébà? Bí a bá tẹ èébú, elélùbọ́ kò ní ibi tí yóò ti fèsì.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa ni pé kí a má tẹ ewì yìí ní oṣù tí ń bọ̀. Kí akéwì mú àwọn àmì wọ̀nyí kúrò, kí ó dín èébú kù, kí ó sì jẹ́ kí obìnrin náà fèsì, ìbáà ṣe ìlà mẹ́rin péré. A kò ní kí ó dá a láre. Bí ọkọ bá jàre, olùgbọ́ yóò mọ̀ nígbà tí ó bá gbọ́ ẹnu àwọn méjèèjì.

Nígbà tí a kọ́kọ́ sọ èyí fún un nílé, inú bí i, ó ká ìwé rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀rù bà wá pé a ti pàdánù ọ̀rẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ àná ni ó padà wá, tí ó ka ìlà méjì sí wa létí. Obìnrin náà ni ó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó ń béèrè ẹni tí ó san owó tí a fi ra agbọ̀n. A bẹ̀ ẹ́ kí ó dìde nísinsìnyí, kí ó kà á fún yín fúnra rẹ̀.