Ìdí Tí Akọ Màlúù Fi Ń Dúró Láàárín Poro



Akọ màlúù tí ń túlẹ̀ ni a fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí. Akọ Bunaji, irú èyí tí NAPRI ń sìn ní Shika níbí, yóò bẹ̀rẹ̀ dáadáa ní òwúrọ̀. Nígbà tí ó bá kọ poro mélòó kan, ó dúró. Ọmọ tí ń dà á á sì fa pàṣán yọ. Owó ẹran yìí kì í ṣe kékeré, nítorí náà ó yẹ kí a mọ ohun tí ń ṣe é.

Fọ́nrán tín-ín-rín lọ́pọ̀lọpọ̀ ni iṣan. Nínú fọ́nrán kọ̀ọ̀kan, àwọn ohun kéékèèké wà tí ń di ara wọn mú, tí ń fà, tí ń tú sílẹ̀, bí ọwọ́ ẹni tí ń fa okùn kànga. Iṣẹ́ wọn a máa fi pàǹtí sílẹ̀ bí iná ti ń fi eérú sílẹ̀. Ọ̀kan ni fọ́sífétì, ìbátan èyí tí ẹ ń rà nínú àpò ajílẹ̀. Tí ó bá pọ̀ jù, ọwọ́ wọ̀nyí kì í lè dì mú ṣinṣin mọ́. Èkejì ni ásíìdì, tí ń mú inú iṣan kan bí omi ògì.

Ó pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń di gbogbo ẹ̀bi ru ásíìdì. Ṣùgbọ́n iṣan tútù ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú ìdánwò wọn! Ní 1995, wọ́n dán fọ́nrán iṣan ehoro wò ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí ìgbóná rẹ̀ jẹ́ 10 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì, ásíìdì gba bí ìdajì agbára rẹ̀. Ní 30, ohun tí ó gbà kò tó ìdá kan nínú márùn-ún. Ara màlúù sì ń gbóná tó 38.5. Kíkan nìkan kọ́ ló ń dá a dúró. Fọ́sífétì wà níbẹ̀, ṣúgà tí iṣan fi pamọ́ ń tán lọ, ooru oòrùn sì ń kún ti iṣẹ́. Ìgbóná níwọ̀nba ń ran fọ́nrán lọ́wọ́. Tí ó bá pọ̀ jù ní gbogbo ara, ọpọlọ ẹran fúnra rẹ̀ ni yóò ní kí ó dúró.

Òtútù náà ní tirẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ká tòmátì fàdámà ní òwúrọ̀ ọyẹ́ mọ bí ìka ṣe ń kú. Iṣan tútù ń lọ́ra, kò sì lágbára. Ẹ jẹ́ kí ẹran rọra fa poro àkọ́kọ́ kí ara rẹ̀ lè yá.

Tí ó bá dúró, ẹ fún un ní ìsinmi. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, púpọ̀ nínú fọ́sífétì á ti padà sí ipò rẹ̀. Ooru ń fẹ́ omi àti ibòji. Ṣúgà ní tirẹ̀ ń fẹ́ oúnjẹ, ó sì lè gbà ju ọjọ́ kan lọ. Ẹran tí ó túlẹ̀ títí di alẹ́ lánàá kò ní lè ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí. Pàṣán kò lè ṣe ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí tí ó bá yọ ahọ́n síta, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ẹ tú àjàgà lọ́rùn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ fà á sábẹ́ igi, kí ẹ da omi sí i lára.